Ẹ Ń Bú Géèmù Káàdì Ọ̀fẹ́, Ṣùgbọ́n Ibi Tó Yẹ Kọ́ Lẹ Ń Bú

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń fún Hearthstone, géèmù káàdì orí kọ̀ǹpútà, ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo nítorí pé kọ̀ǹpútà ń ṣe màgòmágó, pé káàdì táwọn nílò kì í jáde. Màgòmágó wo? Káàdì 30 lẹ kó jọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá, 3 ló ń wọlé sí i lọ́wọ́. Bí káàdì tí ọkàn yín wà lára rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, ìgbà 1 péré nínú 10 lẹ máa bá a lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ méjì lẹ fi sínú 30 yẹn, kò tíì pé ìgbà 2 nínú 10. Ìṣirò nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ṣe yín. Ẹ fi ètè sílẹ̀, ẹ wá ń pa làpálàpá.

Géèmù yẹn fúnra rẹ̀ ò lẹ́ṣẹ̀. Láti 2014 tí ilé-iṣẹ́ Blizzard ti gbé e jáde ni mana, agbára tẹ́ ẹ fi ń lo káàdì, ti ń fi 1 lé sí i ní gbogbo ìgbà tó bá kàn yín, títí á fi pé 10. Kò sẹ́ni tó máa jókòó bí ère torí pé káàdì ilẹ̀, tó ń pèsè mana, ò jáde fún un, bó ṣe máa ń ṣe àwọn tó ń gbá géèmù káàdì Magic. Ibẹ̀ dáa, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ni kẹ́ ẹ wò! Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ ẹ̀yìn jẹ èèyàn níṣu.

Wọ́n ní káàdì tí ẹ ò bá fẹ́, kẹ́ ẹ fọ́ ọ di eruku, kẹ́ ẹ sì fi eruku yẹn rọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Ó dùn létí. Ẹ wá wo iye rẹ̀. Ipò mẹ́rin ni káàdì ní, látorí èyí tó ṣọ̀wọ́n jù, Legendary, dórí èyí tó wọ́pọ̀ jù, Common. Legendary kan, eruku 1600 ni wọ́n fi ń rọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, 400 lẹ máa rí. Epic, 400 lẹ máa fi rọ ọ́, 100 lẹ máa gbà. Rare, 100 àti 20. Common ló wá burú jù: 40 lẹ máa ná, 5 ló máa padà sọ́wọ́ yín. Márùn-ún! Common 8 ló máa kú kí ẹyọ kan tó jí. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi Common nìkan rọ Legendary kan, 320 ló máa fọ́. Wọ́n ń pe ìyẹn ní ọ̀fẹ́.

Páàkì, ìdì káàdì tí wọ́n ń tà, ńkọ́? Góòlù 100, owó inú géèmù, fún káàdì 5, ìlérí wọn sì ni pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn máa jẹ́ Rare tàbí èyí tó jù ú lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ìlérí náà mọ nìyẹn: Common 4, Rare 1. Bẹ́ ẹ bá fọ́ gbogbo rẹ̀, eruku 40. Ẹ pín 1600 sọ́nà 40 kẹ́ ẹ wò ó: bó bá jẹ́ irú páàkì yẹn nìkan ló ń jáde, páàkì 40, góòlù 4000, nítorí káàdì ẹyọ kan! Ìgbà tí òfin Ṣáínà fi dandan lé e lọ́dún 2017 pé kí wọ́n sọ iye tó ń jáde ni wọ́n tó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé, tá a bá dá a sí méjì, Epic 1 ló wà nínú páàkì 5, Legendary 1 nínú páàkì 20. Èyí tó bá sì jáde, ta ló ní ti kíláàsì yín ni, ìyẹn irú akọni tẹ́ ẹ fi ń gbá a, tó ní káàdì tiẹ̀? Kíláàsì 11 ló wà. Mage lẹ ń gbá, ẹ ya páàkì, iná ọsàn ń tàn yòò, Legendary ti Warrior ló yọjú. Ẹ fọ́ ọ, 400. Ó ku 1200.

(Lóòótọ́, láti 2020, ipò yòówù kó wà, wọn kì í fún yín ní káàdì tí iye rẹ̀ ti pé lọ́wọ́ yín mọ́, àfi bẹ́ ẹ bá ti ní gbogbo irú rẹ̀ tán. Wọ́n ṣe é dáadáa. Ọdún mẹ́fà ló gbà wọ́n.)

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Standard wà níbẹ̀, ọ̀nà ìgbá tó jẹ́ pé káàdì tuntun ló wà fún, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó àwọn káàdì àtijọ́ jáde níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún géèmù máa ń lo bí ọdún méjì. Èyí tó jáde ní ìparí rẹ̀ kì í ju bí oṣù 16 lọ, wọ́n á sì jọ kó ẹrù wọn lọ́jọ́ kan náà. Eruku 1600 kan náà ni wọ́n ń gbà lórí méjèèjì. Ẹni tí eruku rẹ̀ ò bá pọ̀, kó má fi rọ tìparí ọdún. Ẹ má sì sáré fọ́ Legendary tẹ́ ẹ ò lò. Bí wọ́n bá dín agbára rẹ̀ kù, wọ́n máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì dá gbogbo 1600 padà fún ẹni tó bá fọ́ ọ. Àṣé wọ́n mọ iye tó tọ́ kí wọ́n san!

Ẹnìkan á ní ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun. Mo gbọ́. Géèmù káàdì Runeterra tí ilé-iṣẹ́ Riot gbé jáde ní 2020 lawọ́ débi pé kò sídìí fún èèyàn láti náwó. Nígbà tó di 2024, wọ́n dín òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù torí pé kò mówó wọlé. Ṣùgbọ́n Artifact, géèmù káàdì ti ilé-iṣẹ́ Valve, ńkọ́? Ní 2018, ó gba dọ́là 20 lẹ́nu ọ̀nà, ó tún ń ta páàkì nínú ilé. Kò pẹ́ rárá tí àwọn èèyàn fi sá. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní 2021, wọ́n ti pa iṣẹ́ rẹ̀ tì. Ọ̀kánjúwà náà ò kúkú bọ́ wọn.

Ariwo tó bá sì bọ́ síbi tó yẹ máa ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Pokémon TCG Pocket, géèmù káàdì orí fóònù, bẹ̀rẹ̀ pàṣípààrọ̀ ní oṣù kìíní 2025, tókìn 500 ni wọ́n ní kí èèyàn san kó tó lè fi káàdì ex, irú káàdì alágbára kan, ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ibo ni tókìn ti ń wá? Ẹ máa sun káàdì tiyín nínú iná ni, ex kan, tókìn 125. Mẹ́rin á jóná kí ẹyọ kan tó kọjá sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Àwọn tó ń gbá a ò sọ pé géèmù ò dáa. 500 àti 125 ni wọ́n ń nàka sí lójoojúmọ́, kí ọdún náà sì tó parí, wọ́n ti fagi lé tókìn yẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì fẹ́ fún Hearthstone ní ìràwọ̀ kan, kó pa ọ̀rọ̀ màgòmágó rẹ́, kó kọ 1600 àti 400 síbẹ̀.