Irọ́ ni pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ní atọ́kùn kan ṣoṣo

Bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe (adjective) àti atọ́kùn (preposition) tó ń tẹ̀lé e rèé: "good" ń bá "at" rìn, "angry" ń bá "with" rìn, "tired" ń bá "of" rìn. Há a sórí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìlànà yìí lè mú kéèyàn yege nínú ìdánwò tó ní kí a fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo. Ọjọ́ téèyàn bá fẹ́ kọ lẹ́tà ni wàhálà dé, tó wá kọ "Walking is good at your heart." Ẹni tó kọ ọ́ kò gbàgbé ohun tó há sórí o. Ohun tó há sórí gan-an ló kọ sílẹ̀.

Atọ́kùn kì í wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ nìkan. Ó ń wo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì ń wo ìtumọ̀ tí a ní lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká tú "good" yìí wò dáadáa. Tó bá jẹ́ ohun téèyàn mọ̀ ọ́n ṣe ló tẹ̀lé e, "at" ni: "She is good at chess." Tó bá jẹ́ ẹni tàbí ohun tí nǹkan ṣe láǹfààní, "for" ni: "Walking is good for the heart." Ẹni tí a ṣe lóore ń gba "to": "He was good to his workers." Ẹni tàbí ohun tí a mọ bí a ṣe ń bá lò ń gba "with": "She is good with children." Tí a bá sì ń yin ẹnì kan nítorí ohun tó ṣe, "of" ló kàn: "It was good of you to come." Atọ́kùn márùn-ún nìyẹn, lára ọ̀rọ̀ kan péré.

Ìyẹn gan-an ló yẹ kó rọ ọmọ Yorùbá lọ́rùn. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń pààrọ̀ atọ́kùn, ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá sábà máa ń pààrọ̀. "I am tired of walking" ni ìrìn ti sú mi. "I am tired from walking" ni ìrìn ló mú kó rẹ̀ mí. A kò jẹ́ fi sísú pe rírẹ̀, àbí? Bákan náà, "I am sorry for him" ni àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ "I am sorry about the noise" ni ẹ má bínú pé ariwo pọ̀. "She is concerned about the exam": ìdánwò náà ń kọ ọ́ lóminú. "The book is concerned with grammar": gírámà ni ìwé náà dá lé lórí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni mo fẹ́ sọ gan-an lédè mi?" ti mọ̀ pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò ní fi atọ́kùn kan ṣoṣo bo méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká máa túmọ̀ atọ́kùn Yorùbá ní tààrà, ọ̀nà míì láti ṣìnà nìyẹn. "Ní" tiwa lásán lè di "in", "at" tàbí "on". "Ó ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú tíṣà" ló ń bí "married with a teacher", bẹ́ẹ̀ "married to" ni wọ́n ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í sì í gba atọ́kùn rárá: a ń bẹ̀rù ejò, a ń jowú ẹnì kan. Ibẹ̀ ni "I am afraid snakes" ti ń wá. "Afraid" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe; kò lè dá di ejò mú láìsí "of".

Kì í tún ṣe pé ohun gbogbo kàn rí wúruwùru. Ìtumọ̀ tó bá jọra sábà máa ń kó ara wọn jọ. Ẹ̀rù, ìtìjú, ìyangàn àti owú wà lọ́dọ̀ "of": "afraid of, ashamed of, proud of, jealous of". Ohun tó bá ń fi nǹkan wé òmíràn tàbí tó ń so ó mọ́ ọn fẹ́ràn "to": "similar to, equal to, related to". "Senior, junior, superior, inferior" náà wà níbẹ̀. Láti inú èdè Látìn ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti gbé ìtumọ̀ "jù lọ" tàbí "kéré sí" dání, ìdí nìyẹn tí a kì í fi "than" tẹ̀ lé wọn. "More superior than" jẹ́ àṣìṣe méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn olóríkunkun wà o, a kò ní parọ́. "Dependent" gba "on", "independent" ọmọ ìyá rẹ̀ gba "of". "Keen on" àti "interested in" sún mọ́ra ní ìtumọ̀, atọ́kùn wọn ò jọra. Ìwọ̀nyí lẹ ó há sórí lóòótọ́. Ti "different", "from" ni kò sí ẹni tó máa bá yín jà lé lórí. Àwọn ará Bìrìtìkó tún ń sọ "to", àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ "than".

Ibi tí àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá ti ń kọsẹ̀ ni "to". Lẹ́yìn atọ́kùn, "-ing" ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń gbé wọlé: "interested in learning". Àmọ́ "to" kan wà tí kì í ṣe atọ́kùn. Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀: ẹ fi "it" sẹ́yìn rẹ̀. "I am used to it" dùn létí, nítorí náà "I am used to driving at night" la ó kọ. "I am ready to it" kò dùn rárá, "I am ready to drive" nìyẹn.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ má kọ "angry + with". Odidi gbólóhùn ni kẹ́ ẹ kọ, kí ohun tó tẹ̀lé e wà níbẹ̀: "She is angry with him about the delay." Ẹ ò rí i, ènìyàn gba "with", ọ̀rọ̀ tó fa ìbínú gba "about". Márùn-ún lóòjọ́ tó. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí irú èyí máa ń fi atọ́kùn hàn pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ọwọ́ bo láti atọ́kùn dé ìparí, kí ẹ gbìyànjú láti parí rẹ̀ fúnra yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè. Ibẹ̀ ni atọ́kùn ti máa ń sọnù jù, nítorí òpin gbólóhùn ló ń lọ jókòó sí: "What are you afraid of?" "Who is she angry with?" Àwọn kan á ní èèwọ̀ ni kí atọ́kùn parí gbólóhùn. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, "What are you afraid?" gan-an ni àṣìṣe.