Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àìnígbàgbọ́

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì Sọ́ńdè tó kọjá, orí ọ̀rọ̀ ìríjú la wà tí màmá kan fi dìde, wọ́n ní àwọn ti da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn nù, torí pé Ẹni tó ni ara ló mọ bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ilé pariwo Halelúyà! Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ara bá jẹ́ ti Ọlọ́run, bí Pọ́ọ̀lù ṣe sọ ọ́ nínú Kọ́ríńtì Kìíní 6, ta wá ni wọ́n fi ṣọ́ ọ? Ọmọ-ọ̀dọ̀ tó ri tálẹ́ńtì mọ́lẹ̀ nínú Mátíù 25 kò jalè, kò sì ná kọ́bọ̀ nínú owó ọ̀gá rẹ̀. Ó kàn pa á tì ni, wọ́n sì dá a lẹ́bi.

Ẹ ṣí Àwọn Ọba Kejì 20. Àìsàn Hesekáyà ti dójú ikú, ó sunkún, ó gbàdúrà. Ọlọ́run dá Aísáyà padà sí i pé òun yóò wò ó sàn, pé ní ọjọ́ kẹta yóò gòkè lọ sí ilé Olúwa, pé òun fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìlérí dé, láti ẹnu wòlíì tòótọ́. Kí ló wá wà ní ẹsẹ 7? Aísáyà ní kí wọ́n mú ọ̀pọ̀tọ́ wá. Wọ́n fi lé eéwo tó ń ṣe ọba, ara rẹ̀ sì yá. Wòlíì kan náà tó gbé ìlérí wá ló pàṣẹ ìtọ́jú, kò sì sẹ́ni tó ní Hesekáyà ò nígbàgbọ́.

Pọ́ọ̀lù ńkọ́? Ní Éfésù, aṣọ ìnujú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ bá àwọn aláìsàn tí ara wọn fi ń yá. Éfésù yìí náà ló fi Tímótì sí, inú sì ń yọ Tímótì lẹ́nu. Pọ́ọ̀lù kò fi aṣọ ránṣẹ́ sí i. Ó ní kó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ àti àìlera rẹ̀ ìgbà gbogbo.

Wọn á ní ọba Ásà inú Kíróníkà Kejì 16 wá oníṣègùn, ó sì kú. Ẹ ka ẹsẹ náà dáadáa: pé kò wá Olúwa ni ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì tó wàásù fún àwọn baba wa pàápàá kọ́ ilé ìwòsàn, Sacred Heart ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1895, ti Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1907.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ó lè ga gan-an kí orí má fọ́ èèyàn rárá, nítorí náà "ara mi ti le" kì í ṣe ẹ̀rí ìwòsàn. Bọ̀dá kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin da tirẹ̀ nù lẹ́yìn ìsọjí. Ara rẹ̀ le koko fún oṣù mélòó kan, àfi ìgbà tó ṣubú sí balùwẹ̀. Apá ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ohùn tí Ọlọ́run fún un láti fi yìn ín ló lọ yẹn. Èmi jókòó tì í ní ọsibítù. Kí ẹnikẹ́ni má pe ìyẹn ní ìgbàgbọ́ fún mi.

Ọlọ́run máa ń woni sàn láìlo oògùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jésù wo adẹ́tẹ̀ sàn nínú Máàkù 1, Ó ní kó lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà, ẹni tí Òfin yàn láti yẹ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wò. Ẹni tó bá ti gba ìwòsàn, kó padà sí kílíníìkì, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti wálẹ̀ lóòótọ́, dókítà tó kọ oògùn náà ló máa dín in kù.