Ẹ bá wa fi ìdérí sórí agolo mílíìkì

Inú ń bí mi. Láti ìdájí òní ni inú ti ń bí mi, títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ èyí, ọkàn mi kò tíì rọlẹ̀. Nítorí agolo mílíìkì ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kéré, kó kọ́kọ́ lọ wo ilé ìdáná tirẹ̀, kó wo agolo tó lù lánàá, kó wo ohun tó fi bò ó, kó tó wá bá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé n'Íbàdàn níbí. Tíì ni wọ́n ń mu láràárọ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì tàbí àkàrà, wọn kì í sì í fẹ́ mílíìkì oníyẹ̀fun. Mílíìkì olómi, ti inú agolo kékeré, ni wọ́n mọ̀ láti ìgbà èwe wọn, òun náà ni wọ́n fẹ́. Ṣíbí mẹ́ta péré ni wọ́n ń bù sí tíì. Agolo ọ̀hún kò tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣíbí mẹ́ta kò lè tán an. Ìyókù ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìjà wà.

Bí a ṣe ń ṣí i, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. A ó gbé ọ̀bẹ tàbí ìṣó lé e lórí, a ó fi ọmọ odó lu ú, a ó dá ihò kan sí apá ọ̀tún, a ó dá èkejì sí apá òsì kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé, torí bí ihò bá jẹ́ ẹyọ kan, mílíìkì ò ní jáde, á kàn máa kán tó, tó, tó. Bí ọwọ́ bá yẹ̀, ọ̀bẹ á wọ ara. Ó ti gé mi rí, àpá rẹ̀ wà ní ìdí àtàǹpàkò òsì mi títí dòní. Ọ̀bẹ wo gan-an sì ni? Ọ̀bẹ tí a fi rẹ́ àlùbọ́sà lálẹ́ àná. Ìṣó wo ni? Èyí tó ti dípẹtà sí igun fèrèsé.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí mílíìkì ń gbà. Kì í ti inú ihò bọ́ sínú ife tààrà. Orí agolo ló kọ́kọ́ ń ṣàn sí. Agolo ní etí tó yọ sókè yí i ká, etí yẹn ló sọ orí rẹ̀ di kòtò, inú kòtò yẹn ni mílíìkì ń gbá jọ sí kó tó kún bọ́ sínú ife. Bí a bá wá gbé agolo nàró padà, èyí tó kù nínú kòtò á tún ṣàn padà wọ inú ihò. Ohun yòówù tó bá wà lórí agolo ti bá a wọlé nìyẹn. Kí ló wà lórí agolo? Eruku ọjà, eruku ọkọ̀ tó kó o wá, ọwọ́ alábàárù, ẹsẹ̀ eku inú ilé ìkẹ́rùsí. Eku! Ṣebí a mọ̀ pé ìtọ̀ eku ló ń kó ibà Lassa ran èèyàn, àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè. Èmi máa ń fi ọṣẹ àti kàìnkàìn fọ orí agolo kí n tó lù ú. Ẹni mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Oní-tíì ẹ̀bá títì tó ń lu agolo lórí agolo kí ilẹ̀ tó mọ́, tí èèyàn tò níwájú rẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ fọ ọ́?

Lẹ́yìn tí a bá ti bu ìwọ̀n tí a fẹ́, eré bíbò á wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá àti rọ́bà. Páálí tí a gé. Bébà tí a lọ́, tí a kì bọ ihò, tí mílíìkì á fi rin gbingbin. Ìyá mi ní ọ̀nà tiwọn: wọ́n á da àwo kékeré dé e, wọ́n á gbé agolo sí àárín abọ́ omi kí èèrà má baà rí ọ̀nà gùn ún. Láàárọ̀ yìí, ẹnì kan ti fi ṣíbí ti agolo náà, ìdí ṣíbí wà lára ògiri. Afárá ni èèrà rí yẹn. Ojú ìyá mi kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n da mílíìkì sí tíì, wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n ti mu ú dé ìdajì kí n tó jáde sí wọn. Èèrà léfòó lórí tíì bí ẹ̀fọ́ gígé.

Mo gba ife lọ́wọ́ wọn.

“Àbẹ̀kẹ́, kí ló dé?”

“Màmá, ẹ má mu ún mọ́. Èèrà ló kún inú ẹ̀.”

“Èèrà kì í pààyàn. Sẹ́ ẹ, kó o gbé e wá.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n po òmíràn fún yín.”

“Agolo tuntun lo tún fẹ́ lù? Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń tà á báyìí ni?”

Mo mọ̀. Èmi ni mo rà á. Ohun tó tilẹ̀ jẹ́ kí omi bọ́ lójú mi nìyẹn, torí òótọ́ ni wọ́n sọ: ẹni tó fi owó gidi ra mílíìkì kò lè máa da ìdajì rẹ̀ sí gọ́tà lójoojúmọ́.

Ẹ óò ní kí n gbé e sí fíríìjì. Inú fíríìjì ló wà kí iná tó lọ. Láti ijẹ́ta ni iná ti lọ. Ìgbà tí iná wà pàápàá, agolo tí ihò wà lórí rẹ̀ ń fa òórùn ẹja àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí mọ́ra, bí èèyàn bá sì ṣèèṣì fọwọ́ kàn án, ó ti dà sórí tòmátò nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mílíìkì yìí mọ́ nígbà tí a kò tíì lù ú. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe kó tó mọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa omi kúrò lára rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá, wọ́n dì í sínú agolo, wọ́n lẹ agolo pa, wọ́n wá se é tagolo-tagolo nínú ooru tó ju ti omi híhó lọ, títí kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ fi kú tán. Ìdí nìyẹn tó fi lè jókòó sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ oṣù láìbàjẹ́. John Meyenberg, ọmọ Switzerland, ló fi ọ̀nà yìí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1885. Gail Borden ti ṣe irú tirẹ̀ ṣáájú, ó gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1856, ṣùgbọ́n ṣúgà ló kún ti Borden, ṣúgà yẹn ló sì ń dá kòkòrò dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí agolo. Èyí tí àwa ń mu kò ní ṣúgà tó lè gbà á sílẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ti wọ̀ ọ́ báyìí, ó di ohun tí kò yẹ kó pé ju wákàtí méjì lọ nínú ooru ilé wa. Wọ́n ṣọ́ ọ láti orí màlúù dé orí igbá ọjà, wọ́n wá fi í sílẹ̀ lójú mi, níbi tó ti nílò ìṣọ́ jù.

Ẹ tún wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ta kókó. Mílíìkì oníyẹ̀fun, èyí tó gbẹ, tí kò lè tètè bàjẹ́, agolo tirẹ̀ ní ìdérí ike tó há mọ́ ọn dáadáa. Ṣokoléètì mímu ní ìdérí. Òróró ẹ̀pà ní ìdérí tó ní ẹnu tí wọ́n fi ń dà á. Omi tí a fi ń fọ balùwẹ̀ ní ìdérí. Áṣáà pàápàá ní ìdérí! Mílíìkì olómi tí ọmọdé àti arúgbó ń mu ni kò yẹ ní ìdérí?

Àwọn bàbá wa kò kàwé, wọn kò sì fi ẹnu ohunkóhun sílẹ̀ lásán. Ìkòkò ní ọmọrí, igbá ní ìdérí, àdó ní èdídí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ṣùkù àgbàdo ni ìyá àgbà mi fi ń dí ìgò epo pupa àti ìgò kẹrosíìnì, bí ṣùkù bá gbó, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á mú òmíràn. Ẹ wo àwọn obìnrin Fúlàní tó ń kiri nọ́nọ̀: igbá wà lórí wọn, ìdérí tí wọ́n fi koríko hun wà lórí igbá. Wọ́n mọ̀ pé wàrà kì í wà ní ṣíṣí.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìdérí yìí le jù fún ilé-iṣẹ́, kó lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìgò. Ní ìlú Potsdam, ní ìpínlẹ̀ New York, dókítà kan tó ń jẹ́ Hervey Thatcher gbé ìgò mílíìkì jáde ní 1884, torí inú gálọ́ọ̀nù ṣíṣí ni wọ́n ti ń bu mílíìkì fáwọn èèyàn lójú pópó. Ní 1889, àwọn Barnhart ní ìlú yẹn kan náà ṣe ìgò tó ní ojú ibi tí páálí róbótó tí wọ́n fi ìda kùn á há sí lẹ́nu. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ṣì kù: abẹ́ etí ìgò ni páálí náà há sí, etí tí mílíìkì ń gbà kọjá wà ní ìta gbangba fún eruku àti ọwọ́. Nígbà tó yá, wọ́n wá ṣe ìdérí tó bo etí ìgò mọ́lẹ̀. Àléébù tí wọ́n rí lára ìgò nígbà náà, òun gan-an ló wà lára agolo tèmi lónìí: ibi tí mílíìkì ń gbà kọjá ni ìdọ̀tí wà.

Mo mọ̀ pé àwọn agolo kan ti wà báyìí tó ní òrùka tí a ń fà. A kò nílò ọ̀bẹ mọ́, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fà á, gbogbo orí agolo ló ń ká kúrò. Ihò méjì ti di ẹnu kan gbàgàdà, ti eṣinṣin wá rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo gbìyànjú láti ṣe é fúnra mi. Ọmọ àbúrò mi tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ló bá mi gé ìdérí ike kan, ó fi iná rọ etí rẹ̀ títí ó fi há mọ́ agolo, ó gé ẹnu ìgò òróró tuntun, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ méjì ni inú mi fi dùn. Mílíìkì ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò kan orí agolo rárá, ó sì ń dé pa. Lọ́jọ́ kẹta, òórùn kíkan gba ilé ìdáná. Mílíìkì ti wọ ojú ibi tí gọ́ọ̀mù wà, ó ti gan síbẹ̀, kàìnkàìn kò dé ibẹ̀, omi gbígbóná kò dé ibẹ̀. Mo jù ú nù.

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tí mo ń béèrè gan-an. Ìdérí tó jẹ́ ẹyọ kan ni, tí kò ní ojúpọ̀, tó ń yọ wẹ́rẹ́ kúrò lórí agolo kan kí a lè fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí a sì dé e mọ́ agolo mìíràn. Ẹnu tí mílíìkì ń gbà kó gùn kọjá etí agolo, kó mú lójú, kí èyí tó bá fẹ́ kán lẹ́yìn padà sínú, kó má ṣàn sí ara. Ihò afẹ́fẹ́ kó wà lódìkejì, kó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èèrà kò ní gbà á, kí ìdérí kan náà sì pa á dé. Kó rọ̀ tó ohun tí ọwọ́ arúgbó lè ṣí. Kí wọ́n fi ìdérí kan ṣoṣo sínú páálí kọ̀ọ̀kan, odindi páálí agolo, ìdérí kan, kí iye owó rẹ̀ pín sára gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n lára.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lára agolo. Ọmọkùnrin tó gbé e dá mi lóhùn jẹ́jẹ́, ó ń pè mí ní mà, ó gbọ́ mi tán, ó wá ní kí n máa da ìyókù sínú nǹkan mìíràn tó ní ìdérí. Mo bi í pé, ọmọ mi, èmi ni kí n wá ìdérí fún ọjà tí ẹ tà fún mi? Ó ní òun á fi tó àwọn ọ̀gá òun létí. Ó ti lé lóṣù mẹ́rin.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ti lu agolo mìíràn fún ìyá mi. Ó wà nínú abọ́ omi, ọ̀rá wà lórí rẹ̀, rọ́bà wà lórí ọ̀rá, mo sì ti kó gbogbo ṣíbí kúrò nítòsí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pè mí láti inú yàrá pé kí n wá wò ó, eṣinṣin kan ti ń rìn lórí ọ̀rá náà, ó ń wá ibi tó máa gbà wọlé.