Yíyọ magasíìnì kò sọ ìbọn di òfìfo

Sátidé tó kọjá, níbi ìkómọ kan ní Ìgbógbó níbí, ọmọkùnrin kan tó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ yọ ìbọn ìléwọ́ kúrò nínú bẹ́líìtì torí ó ń gún un níkùn. Ó fa magasíìnì, àpótí kékeré tí wọ́n ń to ọta sí nínú ìbọn, yọ, ó kì í bọ àpò, ó wá gbé ìbọn náà lé tábìlì láàárín ike omi àti àwo mọ́ínmọ́ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ọmọ kékeré kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 6 lọ nawọ́ sí i. Kí n tó mọ̀, mo ti gbá ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ dànù.

"Ẹ fara balẹ̀, Dádì. Mo ti yọ magasíìnì. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

Gbogbo tábìlì bá gbè é lẹ́yìn. Ìyá ọmọ ní ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Ẹnì kan ní ta ni kò mọ̀ pé inú magasíìnì ni ọta ń gbé. Bàbá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí irun rẹ̀ funfun ju tèmi lọ, mi orí: "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwa náà, àbúrò."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ní Sábó, mo ti gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì Ọdọ́gùnyàn, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó ọlọ́pàá kan tó ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ìbọn sábẹ́ ìrọ̀rí. Irọ́ ni. Irọ́ tó ń pààyàn ni.

Inú magasíìnì ni ọta ń gbé lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ló ti ń dún. Sípíríǹgì ló ń tì wọ́n sókè níbẹ̀. Tí ẹ bá fa irin orí ìbọn sẹ́yìn tí ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ̀, ohun tí gbogbo wa ń pè ní kọ́ọ̀kì, bí irin yẹn ṣe ń padà bọ̀ ló máa gbá ọta tó wà lókè pátápátá wọ ihò ìdí ọ̀pá ìbọn, èyí tí à ń pè ní ṣémbà. Látìgbà náà, ọta yẹn àti magasíìnì ti pínyà. Bí wọ́n bá gbé àwo ẹ̀bà kúrò níwájú yín, ṣé òkèlè tó ti wà lẹ́nu yín ti pòórá nìyẹn?

Ẹ mú Glock 17 tí wọ́n ń ṣe ní Austria, tí àwọn ológun ibẹ̀ ti ń lò láti 1982. Ọta 17 ni magasíìnì rẹ̀ ń gbà. Ẹni tó rọ ọ́ kún, tó kọ́ọ̀kì, tó tún fi ọ̀kan dí àyè tó ṣí sílẹ̀, 18 ló gbé kiri. Ó yọ magasíìnì, 17 bá a lọ. Ẹ ṣírò èyí tó kù fúnra yín. Tí wọ́n bá fa tírígà ìbọn yẹn láìsí magasíìnì nínú ẹ̀, yóò dún bó ṣe ń dún.

Ọdún 22 ni mo fi ṣe ọlọ́pàá, mo sì lo 9 nínú ẹ̀ ní àmọ́rì, níbi tí à ń kó ìbọn fún àwọn tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, tí à ń gbà á padà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bá dé. Níwájú fèrèsé mi ni àgbá kan wà tí a gé sí méjì, tí a rọ yanrìn kún. Ibẹ̀ ni kí ẹnu ìbọn kọ kí ẹnikẹ́ni tó dánwò ohunkóhun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan, ọ̀kan nínú àwa ọlọ́pàá dé, aṣọ rẹ̀ ń kán tótó. Ọta 10 ló fọwọ́ sí nínú ìwé láàárọ̀. Ó fa magasíìnì yọ, ó nà án sí mi. Mo fi àtàǹpàkò ti ọta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ìwé: 9.

"Ọ̀kan dà?"

"Ọ̀gá, á ti jábọ́ nínú mọ́tò ni."

"Báwo ló ṣe máa jábọ́ nínú magasíìnì?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí èmi náà rí i pé òfìfo ni, ó kọjú ìbọn sí yanrìn (mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí èyí), ó fa tírígà. Gbàà! Yanrìn bò wá lójú. Etí mi ń hó títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìwé dà sílẹ̀, ọta yí lọ sí gbogbo ilẹ̀, èmi tí mo jẹ́ àgbàlagbà wá ń rákò lábẹ́ tábìlì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mò ń kó ọta ìjọba jọ. Mo rí 8. Inú bàtà mi ni ẹ̀kẹsàn-án wà. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀gbẹ́ni yẹn? "Ṣebí mo ti yọ magasíìnì?"

Ẹni tó bá ní ẹ̀rí tèmi kò tó, kó gbọ́ ti Terry Kath. Òun ló ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin Chicago ní Amẹ́ríkà, ó sì fẹ́ràn ìbọn púpọ̀. Lọ́jọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1978, nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Los Angeles, ó ń fi ìbọn ìléwọ́ ṣeré. Ọ̀rẹ́ ní kó rọra. Kó lè fi í lọ́kàn balẹ̀, ó fa magasíìnì yọ, ó fi hàn án pé kò sí ẹyọ ọta kan nínú ẹ̀. Òótọ́ ló sọ, magasíìnì ṣófo. Ṣémbà kò ṣófo. Ọta kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ló pa á. Ó ku ọjọ́ 8 kó pé ọmọ ọdún 32. Ẹ kíyè sí i dáadáa: kì í ṣe pé magasíìnì tó yọ kàn wà nínú àpò bíi ti ọmọkùnrin Ìgbógbó, òfìfo ni magasíìnì yẹn fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ìbọn dún.

Ní Kalifọ́níà, ìpínlẹ̀ tí Los Angeles yẹn wà, láti 2007, òfin ní kí irú ìbọn ìléwọ́ tuntun tó bá fẹ́ wọ ọjà wọn ní ohun kan nínú tí kò ní jẹ́ kó dún bí magasíìnì kò bá sí nídìí ẹ̀, kó sì tún ní àmì tí yóò máa fi hàn pé ọta wà ní ṣémbà. Tó bá jẹ́ pé yíyọ magasíìnì nìkan tó, kí ni wọ́n ń ṣòfin sí?

Àwọn tó sọ pé inú fíìmù làwọn ti rí i, n kò ní èsì fún wọn. Bàbá sójà yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Browning Hi-Power ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìbọn ilẹ̀ Belgium tó jáde ní 1935, ọta 13 nínú magasíìnì, ó sì pẹ́ lọ́wọ́ àwọn sójà wa. Àwọn ológun Faransé ló ní kí wọ́n fi irin kan sínú ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí tírígà ṣiṣẹ́ tí magasíìnì bá ti jáde. Ó dáa, mo gbà: ìbọn bẹ́ẹ̀ wà, Browning nìkan sì kọ́. Ṣùgbọ́n kí ìbọn má dún yàtọ̀ sí kó ṣófo. Ọta ṣì jókòó sí ṣémbà Browning yẹn, ẹ dá magasíìnì padà báyìí kí ẹ wò ó. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń yọ irin náà dànù torí ó ń mú kí tírígà le. Ta ló wá fẹ́ dúró nídìí àwo mọ́ínmọ́ín máa wádìí irú èyí tó wà lórí tábìlì?

Ọdẹ ni bàbá tèmi ní Ìmọ̀tà. Ṣakabùlà ló ń lò, kò rí magasíìnì rí láyé ẹ̀. Tó bá ti oko dé, ó máa yọ kápù, àmọ́ ìyẹn kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó máa ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń ki ẹ̀tù gba ẹnu ìbọn wọlé títí dé ìdí. Ó ti fi ọ̀bẹ ṣá ọ̀pá yẹn lára: tí àmì náà bá dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ìbọn, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, tó bá yọ sókè bí ìka méjì, ẹ̀tù ṣì wà. Ó dá a lójú tán, síbẹ̀ kò ní kọjú ẹ̀ sí wa. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí á dojú ẹ̀ kọ òun? Bàbá mi kò lọ sí ilé ìwé ọlọ́pàá kankan.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é kò le. Ẹnu ìbọn kọ síbi tí kò sí èèyàn, ìka jìnnà sí tírígà. Magasíìnì ni ó máa kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa irin orí ìbọn sẹ́yìn, kí ọta tó wà ní ṣémbà fò jáde, kó bọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fàtẹ́lẹwọ́ gbè é. Kí wọ́n di irin náà mú sẹ́yìn, kí wọ́n yọjú wo ihò yẹn, kí wọ́n sì ki ìka ọmọńdinrín bọ̀ ọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ̀yìn. Mo ti rí ẹni tó fà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yọ magasíìnì. Ọta 3 fò jáde, ó sì ń yọ̀. Ẹ̀kẹrin ti wọlé jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣiṣẹ́ ìbọn, n kò ní kí ẹ lọ máa fà á o. Òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fún un níwèé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń fẹ́ ọlọ́pàá, ẹ̀ ń gbé àjà kan náà pẹ̀lú aṣọ́bodè, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wá jẹun lóde yín. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nítòsí, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ni ín ṣí ṣémbà kí gbogbo ojú rí i.

Ohun tí mo ní kí ọmọkùnrin yẹn ṣe nìyẹn ní Ìgbógbó. Mo ní kó lọ sẹ́yìn ilé, kó kọjú ẹ̀ sí ilẹ̀, kó fà á. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ń náwó fún onílù lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ má dójú tì mí níwájú èèyàn," ó ti ìbọn bọ bẹ́líìtì padà, ó fa àwo mọ́ínmọ́ín sọ́dọ̀. N kò mọ̀ títí di báyìí bóyá ọta wà nínú ẹ̀. Òun náà kò mọ̀.