Abẹ́rẹ́ mítà rédíò àtijọ́ tí kò gbéra: ṣé lóòótọ́ ni mítà ti jóná?

Ẹ gbé rédíò àtijọ́ tó ní mítà lójú, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń gbéra bí ilé-iṣẹ́ bá ń wọlé dáadáa, lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe ní Òṣogbo, yálà ní Òkè-Fìà tàbí ní Alékúwodò. Bí abẹ́rẹ́ mítà náà kò bá kúrò lójú kan, ohun tí ẹ máa gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: "Bàbá, mítà yín ti jóná." Ẹni tó ni rédíò á gbà, torí òun náà ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹlòmíràn. Wọ́n á yọ mítà yẹn, wọ́n á fi èyí tí wọ́n tú lára àmúpílífáyà rọ́pò rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi páálí dí ojú ihò. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe mítà yẹn rárá.

Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà ni pé a rò pé mítà ló ń wọn ìgbì tó ń wọlé láti ojú áńtẹ́nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò kan wà nínú rédíò tí wọ́n ń pè ní AGC, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní AVC. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín agbára rédíò kù bí ìgbì bá le, kí ohùn má baà bú mọ́ wa létí, kó sì dá a padà bí ìgbì bá rọ̀. Ìyá tó ń fa igi kúrò lábẹ́ ìkòkò bí ọbẹ̀ bá fẹ́ ru jù ni AGC. Iye igi tó fà jáde ni mítà ń ròyìn fún wa. Bí AGC bá dákẹ́, mítà kò ní ìròyìn kankan láti mú wá, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n rà á.

Ìdí AGC ló yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Nínú rédíò onífáàfù, ìyẹn èyí tó ń lo fáàfù onígíláàsì dípò tíránsítọ̀, fóòtì AGC máa ń gba inú rẹ̀sístọ̀ ńlá kọjá, 1 MΩ tàbí 2.2 MΩ, kó tó kan kapásítọ̀ onípépà, 0.05 µF tàbí 0.1 µF, tó ń mú un dúró déédéé. Kapásítọ̀ onípépà tó ti pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin máa ń jò, ìyẹn ni pé ó ń jẹ́ kí iná kọjá níbi tí kò yẹ. Ẹ wo ìṣirò yìí: bí rẹ̀sístọ̀ bá jẹ́ 2.2 MΩ, tí jíjò kapásítọ̀ náà sì jẹ́ 2.2 MΩ, ìdajì fóòtì AGC ti lọ nìyẹn. Jíjò tó kéré báyìí kò ní pa rédíò. Ohùn á ṣì máa jáde, ó kàn lè máa ya létí bí ẹ bá tún un sí ilé-iṣẹ́ tó lágbára. Abẹ́rẹ́ ni kò ní gbéra dáadáa mọ́, bí jíjò bá sì pọ̀ sí i, á jọ òkú. Rẹ̀sístọ̀ àtijọ́ pàápàá máa ń ga ju iye tí wọ́n kọ sí i lára, fáàfù náà sì lè ti rẹ̀.

Ẹni tó bá tiẹ̀ fẹ́ wọn AGC lè ṣìnà síbẹ̀. Mítà ọwọ́ alábẹ́rẹ́ tó jẹ́ 20 kΩ fún fóòtì kan, lójú 10 V, 200 kΩ péré ni. Bí ẹ bá gbé e kan ibi tí 2.2 MΩ ti ń bọ̀, ìdá kan nínú méjìlá fóòtì yẹn ni ẹ máa rí. Ẹ ó ní AGC kò sí, nígbà tó jẹ́ pé mítà ọwọ́ ló mu ún tán. Èyí tó ní 10 MΩ ló yẹ iṣẹ́ yìí. Ẹ sì ṣọ́ra: 200 sí 300 V máa ń wà nínú rédíò onífáàfù, ó sì lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lójú iná.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń jẹ́rìí pé mítà ti jóná ló burú jù lójú tèmi. Wọ́n á yí mítà ọwọ́ sí R×1, ojú tí wọ́n fi ń wọn iye Ω, wọ́n á fi kan ẹsẹ̀ mítà rédíò méjèèjì. Nínú ọ̀pọ̀ mítà ọwọ́, 3 V ni bátìrì tó wà níbẹ̀. Bí wáyà inú mítà rédíò bá jẹ́ 1,000 Ω, nǹkan bí 3 mA ló máa gba inú rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ 200 µA ti tó láti gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ dé òpin. Ìlọ́po 15 nìyẹn! Abẹ́rẹ́ á gbá òpin, ó sì lè tẹ̀. Mítà tó ń bẹ láàyè, àyẹ̀wò ló pa á.

Ẹ yọ ẹsẹ̀ mítà kan kúrò lára rédíò. Ẹ so bátìrì 1.5 V àti rẹ̀sístọ̀ 100 kΩ tẹ̀lé ara wọn mọ́ ọn. 15 µA ló máa lọ, abẹ́rẹ́ á mira díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 10 kΩ rọ́pò rẹ̀sístọ̀ yẹn, yóò di nǹkan bí 136 µA. Bí abẹ́rẹ́ bá rìn, mítà ti jàre. Ẹ padà sídìí AGC.

Nígbà ọyẹ́, nǹkan mìíràn tún wà. Bí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nu ojú mítà tó jẹ́ ike, iná kékeré máa ń dúró lójú ike náà, á fa abẹ́rẹ́ mọ́ra, abẹ́rẹ́ á lẹ̀ síbì kan. Aṣọ tó ní omi ọṣẹ díẹ̀ lára ló ń tú u sílẹ̀. Wọ́n ń ju mítà nù nítorí èyí!

Ẹ má sì retí pé S9, ọ̀kan lára àwọn àmì S tí wọ́n kọ sójú mítà láti fi bí ìgbì ṣe lágbára tó hàn, á jẹ́ nǹkan kan náà lórí gbogbo rédíò. Ní 1981, IARU (ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń fi rédíò ṣe eré ìdárayá) ẹkùn kìíní, tí Áfíríkà wà nínú rẹ̀, fẹnu kò pé nísàlẹ̀ 30 MHz, S9 ni 50 µV lórí 50 Ω, S kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 6 dB, ìyẹn ìlọ́po méjì fóòtì. Ọ̀pọ̀ rédíò tí à ń sọ yìí ti jáde ṣáájú àkókò yẹn, S kan kì í sì í tó 6 dB lórí ọ̀pọ̀ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ to mítà yín, nígbà tí rédíò wà ní pípa, ẹ fi sukurúù iwájú mítà dá abẹ́rẹ́ padà sí òdo. Ẹ tan rédíò, kó gbóná fún ìdajì wákàtí, ẹ yọ áńtẹ́nà, kí ẹ fi kọ́ńtírólù inú rẹ̀ tún òdo ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀rọ tó ń pèsè ìgbì fún un ní 50 µV, bóyá lórí 14 MHz, kí ẹ sì mú abẹ́rẹ́ wá sí S9. Ẹ tún òdo wò, torí ọ̀kan máa ń yẹ èkejì. Bí iná ìlú bá rẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ dúró dìgbà tó bá gbé sókè, torí òdo á yẹ̀. Ẹ má fi OSBC 104.5 FM, rédíò ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tò ó. Ó sún mọ́ wa jù láti sọ ohunkóhun nípa mítà, àwọn rédíò àtijọ́ mìíràn kò sì kọjá 104 MHz.

Mítà tó jóná lóòótọ́ wà. Bí abẹ́rẹ́ kò bá mira rárá pẹ̀lú 10 kΩ, tí ẹ yí bátìrì padà tí kò sì yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kí wáyà inú rẹ̀ ti já. Kí ẹ tó sanwó òmíràn, ẹ béèrè iye µA tó ń gbé e dé òpin. Bí wọ́n bá fi ti 1 mA rọ́pò ti 200 µA, abẹ́rẹ́ kò ní kọjá ìdá márùn-ún ojú rẹ̀, wọ́n á sì tún sọ pé rédíò ló bàjẹ́. Ẹ gba mítà àtijọ́ náà padà lọ́wọ́ wọn, torí ojú tí wọ́n kọ S sí lára rẹ̀ ṣeé gbé sórí tuntun.