Ìwé àṣẹ nìkan kò tó
Ìròyìn kan sọ pé ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó ní pápá Kábà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, kọ́kọ́ gbàṣẹ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìwé àṣẹ tí kò sọ aago tí orin máa dákẹ́ àti ibi tí ẹnu sípíkà máa kọjú sí, bébà lásán ni. Ní gbangba, bí ẹ bá sún sẹ́yìn kúrò nídìí sípíkà láti mítà 10 sí 20, dẹ̀síbẹ̀lì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo) 6 péré ló ń dín kù, àpáta tó bá wà nítòsí sì lè dá ohùn padà sí ìlú. Ẹ gbé sípíkà sókè, kí ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn èrò. Béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún kìì, ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù, òun ló ń gba ara ògiri wọlé bá aláìsàn àti ọmọ ọwọ́ lórí ibùsùn.