Màmá Béèrè Ọ̀nà Wakanda

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, àwọn ọmọ Ọ̀kun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, a rọ́ wálé láti Àbújá, Èkó àti òkè òkun, ìgbéyàwó a sì bẹ́ sílẹ̀ ní Kàbà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìyàrà bí ẹni pé ìjọba fòfin dè é ní oṣù mọ́kànlá yòókù. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ni ti aṣọ.

Télọ̀ ti tán nílùú. Dìsáínà ló kù. Télọ̀ a máa wọn ènìyàn láyà àti nídìí. Dìsáínà kì í wọn ẹnikẹ́ni, ó ní kí ẹ fi àwòrán ohun tí ẹ fẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwòrán tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti Kàbà, kì í ṣe ti Èkó, kódà kì í ṣe ti ayé yìí. Inú fíìmù tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ jagun láàárín ìràwọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Fóònù la ti ń kó o báyìí, bí dátà kò bá tíì tán.

Mo rí ìyàwó kan tí èjìká aṣọ rẹ̀ ga ju etí rẹ̀ lọ. Kí n má purọ́, èjìká náà wù mí díẹ̀. Ọrùn ni wàhálà wà. Irin wúrà roboto-roboto ni wọ́n tò yí i ká láti àyà dé àgbọ̀n. Nígbà tí alága ní kí ó kí àwọn àna rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí kọ̀, kò tẹ̀. Àna kò mọ̀ bóyá wọ́n ń kí àwọn ni tàbí wọ́n ń wo àwọn níran. Ìyá ọkọ bá bi ẹni tó jókòó tì wọ́n pé irú aṣọ wo nìyí. Wọ́n ní aṣọ Wakanda ni. Màmá ronú díẹ̀.

"Wakanda. Ṣé ọ̀nà Lọ́kọ́ja ni, àbí ẹ̀yìn Òkéné?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín màmá. Wakanda, ilẹ̀ inú fíìmù Black Panther, kò sí lóòótọ́, àmọ́ aṣọ ibẹ̀ nílé. Ruth E. Carter, ará Amẹ́ríkà, ló ṣètò aṣọ inú fíìmù náà tó jáde ní 2018. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Oscar nítorí rẹ̀ ní 2019, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á fún iṣẹ́ aṣọ. Obìnrin yìí kò jókòó sí Hollywood kó máa lálàá. Ó kiri Áfíríkà bí ẹni ń ká ilá, èyí tó gbó ó fi í sílẹ̀, èyí tó rọ̀ ó já a. Irin tí ìyàwó wa fi há ara rẹ̀ lọ́rùn, ti àwọn obìnrin Ndebele ní Gúúsù Áfíríkà ni. Pupa tí àwọn obìnrin jagunjagun fíìmù náà wọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Maasai ló ti wá. Fìlà gbàǹgbà tí ìyá ọba dé, isicholo tí abilékọ Zulu máa ń dé ni. Ẹ̀rọ 3D ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀rọ yẹn nìkan ni mo rí níbẹ̀ tó ti ọjọ́ iwájú wá.

Àgbà kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Zuri, tó wọ agbádá. Agbádá! Agbádá ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Hollywood, ó gba fíìmù kọjá, ó tún padà sí Kàbà, arákùnrin kan sì ń san owó àsansílẹ̀ fún dìsáínà pé kí ó bá òun rán "agbádá Wakanda". Agbádá bàbá rẹ̀ wà nínú àpótí, kòkòrò ń jẹ ẹ́.

Ní ibòmíràn, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó wọlé nínú aṣọ dúdú tó ń wọ́lẹ̀, wọ́n dé akoto dúdú tó bo ojú, dìjéè sì tú èéfín lé wọn lórí. Àwọn ìyá àgbà sáré wọlé. Wọ́n rò pé egúngún ló jáde láìkéde. Darth Vader, ìkà inú fíìmù Star Wars ni, ìyá, ẹ padà wá jẹun.

Ibi tí irú nǹkan báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan kì í wọ́n nídìí ìgò, tí yóò dìde sọ pé ọwọ́ wa ni òyìnbó ti jí gbogbo rẹ̀, pé ara egúngún Ìyàgbà ni wọ́n ti wo ti Darth Vader. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Akoto yẹn, ti samurai, jagunjagun àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáàn ni, wọ́n lú u pọ̀ mọ́ ti sójà Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. John Mollo tó ṣe aṣọ Star Wars ní 1977, onímọ̀ ìtàn aṣọ ológun ni kó tó dé ìdí fíìmù; kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí yóò ti wò ó. Aṣọ pupa tí Ọbabìnrin Amidala wọ̀ lórí ìtẹ́ nínú Star Wars ti 1999, aṣọ àwọn obìnrin ọlọ́lá ilẹ̀ Mòǹgólíà ni, tòun ti irun tó yọ bí ìwo. Olówó ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má bá wọn tò sí ìlà tí kì í ṣe tiyín.

Kódà ohun tí a ń pè ní "ti Áfíríkà gidi" lè dójú tì yín. Búláńkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará ibodè Wakanda dà bora, ti àwọn Basotho ilẹ̀ Lèsótò ni, ṣùgbọ́n oníṣòwò òyìnbó ló mú búláńkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn wá fún Ọba Moshoeshoe ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Àwọn Basotho gbà á, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn, wọ́n mọ èyí tí ọkùnrin ń dà bora níjọ́ ìgbéyàwó àti èyí tí kò tọ́ sí ọmọdé.

Ẹ má wo Lèsótò jìnnà. Àwọn ìyá wa ní Bùnú hun aṣọ ipò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin ìjòyè tó lọ́lá. Lórí òfì ìdúró ni wọ́n ti ń hun ún. Òwú pupa yẹn ńkọ́? Ara aṣọ òyìnbó ni wọ́n ti tú u. Wọ́n ra aṣọ tó ti hun tán, wọ́n tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n tún un hun di ohun tí òyìnbó kò lè dárúkọ. Ohun tí Ruth Carter gba Oscar lé lórí gan-an nìyẹn. Ti àwọn ìyá wa kò ní ère wúrà, wọn kò sì bu ọwọ́ lù ú lórí Instagram.

Àwa ọmọ wọn kò tú nǹkan kan, a kò hun nǹkan kan. A ya àwòrán ojú fóònù, a fi ránṣẹ́, a ní "èyí gan-an, má yọ nǹkan kan kúrò". Mo gbọ́ pé níbi òkú àgbà kan ní ìhà ibẹ̀ yẹn, gbogbo ọmọ-ọmọ wọ pupa kan náà, wọ́n ní "Wakanda red" ni aṣọ ẹbí. Pólísítà ni. Ooru mú wọn títí wọ́n fi gbé posí kọjá àga tí wọ́n ní kí wọ́n gbé e lé.

Ẹ̀rù ti ọdún tó ń bọ̀ ló ń bà mí, torí wọ́n ti wo fíìmù Dune. Aṣọ tí àwọn ará aṣálẹ̀ inú rẹ̀ ń wọ̀ a máa gba òógùn àti ìtọ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́, á sẹ́ ẹ, á sọ ọ́ di omi mímu, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì ń gbé e lọ sẹ́nu. Mo bi dìsáínà kan ní Kàbà bóyá ó lè rán an. Ó ní kò sí ohun tó le níbẹ̀, kí n ṣáà mú ọ̀pá ankara mẹ́fà wá, rọ́bà yẹn ni kò tíì dá òun lójú ibi tí yóò gbà. Olóde kan tó ń gbọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye omi inú ọ̀rá tí òun yóò yọ kúrò nínú ìnáwó.